Sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tó Fẹ́ Máa Bẹ Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Wò: Ẹ Mú Ìwé Àkọsílẹ̀ Dání

Ẹ̀yin ọmọ mi nínú Olúwa,

Jósẹ́fù bẹ olórí agbọ́tí pé tó bá jáde, kó dárúkọ òun fún Fáráò. Ọkùnrin náà jáde, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gbàgbé. Ọdún 2 gbáko ni Jósẹ́fù tún lò sí i. Bíbélì kò sọ pé ọkùnrin yẹn kórìíra rẹ̀. Ó gbàgbé ni. Ohun tó ń ba iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n jẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ wa lónìí nìyẹn gan-an. A ó lọ lọ́jọ́ Kérésì, a ó kọrin, a ó pín ìrẹsì, ẹnì kan á rọra fà wá láṣọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ìyá mi." A ó ní a ti gbọ́. Ó di Kérésì tó ń bọ̀.

Nítorí náà, ẹ má tíì ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan tó ní ẹ̀yìn líle. Ẹ fi rúlà pín ojú ewé rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́fà: orúkọ ẹni náà bó ṣe wà nínú wáráǹtì (ìwé tí kóòtù fi rán an wọ ọgbà), ẹ̀sùn àti nọ́ńbà ẹjọ́, kóòtù tó rán an wá, ọjọ́ tí wọ́n mú un, ọjọ́ tí ẹjọ́ rẹ̀ tún máa wáyé, àti nọ́ńbà fóònù ẹbí kan. Bó ṣe wà nínú wáráǹtì ni mo wí o. Ẹni tí gbogbo ọgbà ń pè ní Sẹ́gun lè jẹ́ Sunday lórí ìwé, torí orúkọ tó fún ọlọ́pàá lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú un nìyẹn, kí ìròyìn má baà dé ilé bàbá rẹ̀. Ẹ ó wá Sẹ́gun títí ní kóòtù, ẹ kò ní rí i, wọ́n á sì sọ fún yín pé kò sí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó wọlé, lẹ́tà yín ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Ẹ kọ ọ́ sí ọ̀gá àgbà tó ń bójú tó àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ yín, kó gba ọwọ́ ọ̀gá tó wà nídìí ọgbà tí ẹ fẹ́ lọ kọjá. Láti 2019 ni òfin ti yí orúkọ iléeṣẹ́ náà padà sí Nigerian Correctional Service, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí pásítọ̀ buwọ́ lù ú, kí orúkọ gbogbo ẹni tó ń bọ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ bá ṣápúléènì ọgbà náà, ìyẹn òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó wà níbẹ̀, sọ̀rọ̀ kí ẹ tó mú ọjọ́, torí ìjọ mẹ́ta lè já lu ara wọn lọ́jọ́ Àìkú kan, kí ẹnikẹ́ni má sì yọjú fún oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀. Fóònù, abẹ ìfárí, ọ̀bẹ, sìgá, ọtí, ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílé. Oúnjẹ sísè, ẹ béèrè kí ẹ tó gbé e lọ. Níbi tí wọ́n bá ti gbà á, wọ́n lè ní kí ẹni tó gbé e wá tọ́ ọ wò lẹ́nu géètì. Ẹ má bínú sí wọn, iṣẹ́ wọn ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dáadáa lórí àwọn tó ń dúró de ìdájọ́, torí àwọn ló pọ̀ jù. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ní Nàìjíríà ni adájọ́ kankan kò tíì dá lẹ́bi. ATM ni wọ́n ń pè wọ́n nínú ọgbà, ìyẹn Awaiting Trial Men, àwọn tó ń dúró de ìdájọ́. Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ìpànìyàn tàbí ìdigunjalè kàn, kóòtù májísíréètì ni ọlọ́pàá sábà máa ń kọ́kọ́ gbé e lọ, bẹ́ẹ̀ kóòtù yẹn kò lágbára láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Májísíréètì á ní kí wọ́n lọ fi í pamọ́ títí ìmọ̀ràn yóò fi wá láti ọ́fíìsì DPP (Director of Public Prosecutions), ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń sọ bóyá ẹjọ́ wà láti jẹ́, ní iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́. Ọlọ́pàá tó wádìí ẹjọ́ náà lè ti ṣí lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn kó tó fi fáìlì ránṣẹ́. Ìmọ̀ràn DPP lè ti jáde tipẹ́ pé ọmọ yìí kò ní ẹjọ́ kankan láti jẹ́, kó má sí ẹni tó gbé e dé kóòtù. Májísíréètì lè gba ìgbéga, kí ẹjọ́ tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá wá pé, mọ́tò ọgbà lè má ní epo. Ẹní bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri, ta ni yóò gbọ́ igbe rẹ̀ bí kò ṣe ẹ̀yin tí ẹ ń wọlé tí ẹ ń jáde?

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Kí ẹni méjì mú ìwé àkọsílẹ̀ lọ bá akọ̀wé kóòtù, kí wọ́n bi í níbi tí ẹjọ́ náà dé dúró àti ọjọ́ tí wọ́n tún fi í sí. Ẹ fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè, ẹni tó ń wá fáìlì láàárín eruku kò fẹ́ ariwo. Bí wọ́n bá ní DPP làwọn ń dúró dè, ẹ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ẹjọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sọ́dọ̀ Legal Aid Council. Lọ́yà ọ̀fẹ́ ni wọ́n, fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Ní Èkó, Office of the Public Defender náà wà tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀. Ẹ má gbé ẹkún nìkan lọ bá lọ́yà, ẹ gbé ojú ewé yẹn lọ. Ohun tó ń jẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ lọ́yà ọ̀fẹ́ ni wíwá ọjọ́ tí wọ́n mú ẹni náà àti nọ́ńbà ẹjọ́ rẹ̀, tí ẹ̀yin ti ní lọ́wọ́. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní abala 35, ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40. Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ máa ń wá sọ́gbà ẹ̀wọ̀n nígbà mìíràn láti tú àwọn tí wọ́n tì mọ́lé láìtọ́ sílẹ̀. Kì í ráyè gbọ́ ìtàn gígùn lọ́jọ́ náà. Orúkọ tí ìwé rẹ̀ bá ti wà létòlétò ni yóò yẹ̀ wò.

Àwọn kan wà níbẹ̀ nítorí owó ìtanràn tí kò tó owó bàtà yín. Adájọ́ ti ní kí wọ́n san án tàbí kí wọ́n lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mélòó kan, kò sì sẹ́ni tó san án fún wọn. Ẹ gba orúkọ wọn lọ́wọ́ ọ̀gá wẹ́fíà, ìyẹn ẹni tó ń rí sí ìtọ́jú àwọn ẹlẹ́wọ̀n, kí ẹ fi ojú ara yín rí iye tó wà nínú wáráǹtì. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹni náà ní wáráǹtì mìíràn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń kọsẹ̀ sí nìyí: wọ́n á sanwó tán, wọ́n á ti ra aṣọ tuntun, wọ́n á dúró lẹ́nu géètì títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n á wá gbọ́ pé ẹjọ́ kejì ṣì wà nílẹ̀. Àkáǹtì tí kóòtù bá fún yín ni kí ẹ san owó sí, kí ẹ gba rìsíìtì. Ẹ má fi owó sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní arákùnrin nínú Kristi.

Ọ̀rọ̀ bélì, ẹ rọra ṣe. Ẹni tó bá dúró fún ẹlẹ́jọ́ yóò pàdánù owó tó buwọ́ lù bí ẹni náà bá sá lọ. Ẹ má ṣe dúró fún ẹni tí ẹ kò tíì dé ilé rẹ̀, tí ẹ kò rí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sójú. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé yín padà pé obìnrin kì í dúró gba bélì ènìyàn. Òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn ti 2015 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ torí pé ẹnì kan jẹ́ obìnrin kọ̀ ọ́. Òfin yẹn kan náà ló ní wọn kò gbọ́dọ̀ mú ìyàwó tàbí àbúrò dípò ẹni tí wọ́n ń wá.

Ní ti ẹrù tí ẹ máa kó lọ, ọṣẹ ló ṣe pàtàkì jù, lẹ́yìn rẹ̀ ni páàdì fún àwọn obìnrin, búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín, sálúbàtà, àti oògùn kúrúnà. Ẹ béèrè iye ènìyàn kí ẹ tó rajà. Bí ẹ bá kó ọṣẹ 200 lọ síbi tí ènìyàn 700 wà, ìjà lẹ kó lọ. Ó sàn kí ẹ mú iyàrá kan ṣoṣo, kí ó kárí gbogbo wọn, kí ẹ tún padà wá fún èkejì.

Kúrúnà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, torí owó ọ̀pọ̀ ìjọ ló ti bá a lọ lásán. Kòkòrò kékeré ló ń gbẹ́ ihò sábẹ́ awọ ara, ó sì ń ràn nígbà tí ara bá ń kan ara. Níbi tí ènìyàn 40 ti ń sùn lórí ilẹ̀ kan, bí ẹ bá fún mẹ́wàá tó ń yún jù ní oògùn, ara wọn á fúyẹ́, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan wọ́n á tún kó o lára àwọn 30 yòókù. Gbogbo iyàrá ló gbọ́dọ̀ lò ó lọ́jọ́ kan náà, ẹni tí ara ń yún àti ẹni tí kò yún. Òróró benzyl benzoate ni wọ́n sábà ń lò. Láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi í pa, àárín ìka ọwọ́, abẹ́ èékánná, abíyá, abẹ́. Ìgò 100 ml kan kò ju ohun tí àgbàlagbà kan máa lò lọ, nítorí náà iyàrá tó ní ènìyàn 40 ń fẹ́ ìgò 40. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, kí wọ́n fi omi gbígbóná fọ aṣọ àti ohun tí wọ́n ń fi bora, kí wọ́n sá a sóòrùn gbígbóná. Nọ́ọ̀sì ọgbà ni kó darí rẹ̀, pàápàá fún aboyún àti ọmọ ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ ni o, ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀. Òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n gbà kí ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ títí dé oṣù 18, nítorí náà ẹ má gbàgbé nápí àti ọṣẹ ọmọ tí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin.

Ìwàásù yín, ogún ìṣẹ́jú tó. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó ṣe tó fi débẹ̀. Ẹ má ṣèlérí ìdáǹdè lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ lórúkọ Olúwa, ẹni tó gbọ́ ọ yóò máa ka ọjọ́. Ẹ má torí ọṣẹ sọ Mùsùlùmí di ẹlẹ́sìn yín: ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó gbọ́, ẹni tí kò bá fẹ́, kó gba ọṣẹ rẹ̀ kó máa lọ, ọmọ ìyá wa kan náà ni. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé lẹ́tà tàbí owó wọlé tàbí jáde láìjẹ́ kí ọ̀gá wẹ́fíà mọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọbìnrin, ẹ má fún ẹlẹ́wọ̀n ní nọ́ńbà yín. Kí ìjọ ní nọ́ńbà kan fún iṣẹ́ náà. Ìfẹ́ Kristi kò ní kí ẹ má lo ọgbọ́n.

Ẹ wá wo ilé tí ẹni náà ti wá. Ìyàwó rẹ̀ ń sọ fún àwọn ọmọ pé bàbá wọn rìnrìn àjò. Ọmọ ọdún mẹ́jọ á gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn nílé ìwé, pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀, kò sì ní gba ìyá rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ẹ ran ìyá lọ́wọ́ kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ní gbólóhùn méjì tí ọmọ lè gbé: bàbá yín wà níbi tí wọ́n fi í sí títí wọ́n á fi parí ẹjọ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ràn yín. Owó ilé ìwé, ẹ lọ san án nílé ìwé fúnra yín. Owó mọ́tò fún àbẹ̀wò, ẹ fún un lóṣooṣù, kó má jẹ́ ìgbà tí ẹ bá rántí. Ẹ má sì gbàgbé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ààyè láti lọ kí ìdílé yẹn, ẹ lọ kí wọn, láìsọ pé kí wọ́n dárí ji ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n.

Ọjọ́ ìjáde ni ọjọ́ tó rọrùn jù láti tún pàdánù ènìyàn. Ẹ béèrè ọjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọgbà, torí ẹni tó bá hùwà dáadáa lè rí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀wọ̀n rẹ̀ yọ. Ẹni tí wọ́n dá ní ọdún 3 lè jáde ní ọdún 2, bẹ́ẹ̀ ọdún tó ń bọ̀ ni ẹ̀yin ń retí rẹ̀. Kí ẹni méjì wà lẹ́nu géètì láàárọ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò, sálúbàtà àti owó mọ́tò. Ibi tó máa sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ní oṣù kan sẹ́yìn. Bí ẹbí bá ní àwọn kò gbà á sílé, ẹ bẹ wọ́n kí ọjọ́ tó pé, kì í ṣe lójú rẹ̀. Bó bá kọ́ ìránṣọ tàbí iṣẹ́ bàtà nínú ọgbà, ẹ ra ẹ̀rọ tàbí irinṣẹ́ fún un, ẹ fi í sọ́dọ̀ ọ̀gá tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kó má jẹ́ pé ìjọ fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ọ̀gá náà. Ẹ má tì í lọ sórí pẹpẹ láti jẹ́rìí lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́, ẹ má sì gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook. Lándílọ́ọ̀dù rẹ̀ náà ní fóònù.

Bí èyí bá yé yín, ẹ má dúró de Kérésì. Lọ́jọ́ Ajé, kí ẹni méjì lọ bá ṣápúléènì, kí wọ́n gba orúkọ márùn-ún péré, orúkọ àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀ wò, kí wọ́n sì kọ wọ́n sójú ewé àkọ́kọ́.

Èmi ni,
Bàbá yín nínú iṣẹ́ yìí.