Lẹ́tà sí Ìdòwú: Fi irin yẹn sílẹ̀ ní Jámánì

Ṣábẹ̀ẹ́, orílẹ̀-èdè Benin, ìparí oṣù Kẹwàá

Ìdòwú ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Jámánì o. Ṣé ara le? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Tiwa níbí, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ẹ pé gààrí tó o ní kí wọ́n dì sílẹ̀ ti wà nínú àpò, pé kí o má tún fi iṣẹ́ ṣe àwáwí lọ́dún yìí. Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, ọrùn mi ti mọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tiwa. Mo rí àwòrán irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó o fi ránṣẹ́, pẹ̀lú ọ̀pá alumíníọ̀mù tó o fẹ́ fi gbé áńtẹ́nà rédíò wa, èyí tá a fi ń bá àwọn tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀, dúró nígbà tó o bá dé lóṣù Kejìlá. O béèrè bóyá ó máa wúlò lórí òkè wa. Má rà á. Owó rẹ ni mo ń rò, àti owó ẹrù tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú.

Ìwọ náà gun òkè yìí nígbà tá a wà lọ́mọdé, o mọ bó ṣe rí. Kì í ṣe ilẹ̀, àpáta ni: akọ òkúta láti ìsàlẹ̀ dé orí, ó rí roboto, ó sì ń yọ̀ níbi tí omi òjò ti máa ń ṣàn kọjá. Èèkàn wo lo fẹ́ gún mọ́ ọn? Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pá tó bá ti ga ju mítà mẹ́rin lọ, kò sí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ṣeé gbé lọ́wọ́ tó lè dá a dúró láìsí okùn nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dé. Okùn ló ń mú ọ̀pá dúró. Kí ìdí ọ̀pá má yẹ̀ kúrò lójú kan ni gbogbo iṣẹ́ tí ohun tó wà nísàlẹ̀ ń ṣe, ìyẹn ò sì gba irin olówó gọbọi. Àwọn tó ń tajà kì í sọ apá ibẹ̀ yẹn sókè.

Ní ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí ọkọ̀ lè dé, mo ti ní kí wọ́n bá wa ṣe nǹkan sílẹ̀. Mo gba pákó ìrókò kan lọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà tó wà lẹ́bàá ojú irin réluwéè, ó gùn tó 80 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ tó 25, ó sì nípọn dáadáa. Wẹ́dà gé páìpù irin tó gùn tó 50 sẹ̀ǹtímítà, ó jó ìdí rẹ̀ mọ́ irin pẹlẹbẹ kan, ó lu ihò mẹ́rin sí i, a sì fi bóòtù dè é mọ́ ìpẹ̀kun pákó. Àwọn orí bóòtù tó wà lábẹ́, mo ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ ihò fún wọn kí wọ́n wọ inú igi tán, kí pákó má baà máa mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ lórí òkúta. Tá a bá débẹ̀, a ó gbé pákó sílẹ̀, a ó wa ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan gun orí apá tó ṣófo, a ó fa bíréèkì ọwọ́, a ó sì ki ìdí ọ̀pá bọ inú páìpù. Ì báà jẹ́ orí àpáta, ì báà jẹ́ orí yanrìn, ọkọ̀ ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò lọ síbì kankan. Kọ́kọ́rọ́ á wà lápò mi títí a ó fi tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. O mọ àwọn àbúrò wa, kí wọ́n má lọ yá ọkọ̀ láti fi ra ọtí wá nígbà tí ọ̀pá ṣì wà lókè.

Ọ̀pá fúnra rẹ̀, oparun ni. Má rẹ́rìn-ín. Oparun tó ti gbó, tí wọ́n sì sá sí ibòòji títí ó fi gbẹ, fúyẹ́, ó le, iná ò sì gbà á kọjá. Tútù ni kò dára: ó wúwo, omi wà nínú rẹ̀, tó bá sì ń gbẹ, á là. Mo ní méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà mẹ́ta àbọ̀. Tí a bá gbé wọn lé ara wọn níwọ̀n àádọ́rin sẹ̀ǹtímítà, a óò ní ohun tó lé ní mítà mẹ́fà. Rọ́bà dúdú tí àwọn onízém, àwọn ọlọ́kadà wa, fi ń di ẹrù, tí wọ́n gé lára tíúbù táyà, òun la fi ń so ó, níbi mẹ́ta. Fà á gidigidi bó o ṣe ń wé e, kí o sì fi ìparí rẹ̀ há abẹ́ ara rẹ̀. Ó ń mú ju okùn lọ, torí ṣe ló ń fún oparun mọ́ra. Oòrùn ló máa ń bà á jẹ́. Tó bá ti ń sán, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ń fi páìpù omi oníke ṣe odidi ọ̀pá. Ní ọ̀sán Ṣábẹ̀ẹ́, á tẹ̀ kó o tó jẹun tán. Mo kàn ń gé e ní wẹ́wẹ́ láti fi ṣe ohun tí a ń so mọ́ ìparí wáyà, kí wáyà má kan okùn.

Tí ọwọ́ rẹ bá ṣáà ń yún ẹ láti ra nǹkan, ọ̀pá fáíbà tó ń wọnú ara rẹ̀ ni kí o rà, irú èyí tí Spiderbeam ń tà níbẹ̀ yẹn. Onímítà 12 wọn, tí a bá tì í wọnú ara rẹ̀, kò gùn tó mítà kan àbọ̀. Ìyẹn la máa gbé gun òkè, torí oparun ò rọrùn-ún gbé gba àárín àpáta. Ṣùgbọ́n má ra ọ̀pá ìpẹja tó ní carbon nínú o. Carbon ń gba iná, á sì da áńtẹ́nà rú. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń wọ oríkèé ọ̀pá fáíbà, nítorí náà fi aṣọ gbígbẹ nù ún kó o tó tì í padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa há.

Ṣíṣe wáyà áńtẹ́nà ò ṣòro. O mọ ìṣirò rẹ̀: 143, kí o fi iye MHz ìgbì tá a fẹ́ lò pín in, mítà tó bá jáde ni gígùn gbogbo rẹ̀. Ní 14.2 ó jẹ́ nǹkan bíi mítà 10, márùn-ún fún apá kọ̀ọ̀kan. Gé e gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, torí kíké kúrò rọrùn ju síso lọ. A ó gbé àárín rẹ̀ sórí ọ̀pá, kí apá méjèèjì wálẹ̀ síhìn-ín àti sọ́hùn-ún. Tí orí ọ̀pá bá wà ní mítà mẹ́fà, tí wáyà sì dà ní ìwọ̀n dígírì 45, ìparí rẹ̀ á wà ní nǹkan bíi mítà méjì àbọ̀ sílẹ̀. Mi ò fẹ́ kó rẹlẹ̀ jùyẹn lọ. Ìparí wáyà ni agbára iná ti ga jù tí a bá ń sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ á sì pé jọ, ìwọ náà mọ̀ wọ́n.

Àwọn ará ilé rẹ ní Jámánì tó o fẹ́ kí wọ́n gbọ́ wa, àríwá gan-an ni wọ́n wà sí wa, ó lé ní 4,500 kìlómítà. Wáyà gbọ́dọ̀ dábùú ọ̀nà ibẹ̀: apá kan á kọjú sí ibodè Nàìjíríà, èkejì á kọjú sí Glazoué. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kó o fara balẹ̀ gbọ́ mi. Níhìn-ín, ìjì tó máa ń ṣíwájú òjò, ìlà-oòrùn ló ti ń wá. Ọyẹ́ tìrẹ, láti àríwá ìlà-oòrùn. Wáyà apá ìlà-oòrùn wá bọ́ sójú afẹ́fẹ́ pátápátá. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lo wáyà méjèèjì bí okùn kí wọ́n lè dín okùn kù. Níbòmíràn, kò burú. Níbí, mi ò gbà. Okùn mẹ́ta tó dá dúró la máa lò, ọ̀kan nínú wọn á kọjú sí àríwá ìlà-oòrùn, òun ló sì máa ní ìdákọ̀ró tó wúwo jù. Wáyà á kàn rọ̀ jẹ́jẹ́ ni, kò ní gbé ẹrù kankan.

Ní ti ìdákọ̀ró, nísàlẹ̀ òkè, kẹ́ẹ̀gì òróró onílítà 25 ló dára jù. A ó gbé e lọ lófìfo, a ó pọn omi sí i níbẹ̀, ó ti di kílò 25. Lókè, òkúta ni, wọn ò tà á. Èyí tó dára jù ni òkúta ńlá tó dá dúró, kí a fi okùn yí i ká, kí a ki àkísà sáàárín kí òkúta má baà jẹ okùn. Tí kò bá sí, a ó kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú àpò ìrẹsì. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ìwúwo àpò tàn ẹ́. Okùn tó dà ní ìwọ̀n 45 ń fa àpò síwájú, ó sì tún ń gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìṣirò mi, àpò kílò 20 lórí àpáta gbígbẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tí okùn bá ti fà á ní nǹkan bí ìdajì ìwúwo rẹ̀. Àpò méjì ní igun kọ̀ọ̀kan nìyẹn, mẹ́ta níhà ọyẹ́. Kí ìdákọ̀ró sì jìnnà sí ìdí ọ̀pá tó bí ibi tá a so okùn mọ́ lára ọ̀pá ṣe ga tó. Tó bá sún mọ́ ọn jù, okùn á kàn máa ti ọ̀pá mọ́lẹ̀ ni, ọ̀pá fáíbà á sì máa wọnú ara rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀ níṣojú rẹ.

Ohun tó tún dùn mọ́ mi ni pé òkè fúnra rẹ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ fún wa. Níbi tí ilẹ̀ ti dà sílẹ̀ gọ̀ǹgọ̀ síhà àríwá, ìgbì rédíò máa ń jáde lọ ní ìwọ̀n tó rẹlẹ̀, irú èyí tó ń lọ jìnnà. Ọ̀pá mítà 12 ò pọn dandan níbẹ̀. Fún ìgbì tí a ń pè ní 10 mítà (nǹkan bíi 28 MHz) pàápàá, níbi tí gbogbo wáyà ò ju mítà márùn-ún lọ, ọ̀pá mítà mẹ́fà ti tó, ó tún ṣẹ́ kù. Oṣù Kẹwàá 2024 ni NASA àti NOAA kéde pé oòrùn ti wọ ìgbà tí agbára rẹ̀ ga jù nínú ìyípo rẹ̀ tó ń gba nǹkan bí ọdún 11. Irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni 10 mítà máa ń lọ jìnnà, nítorí náà ká tètè jẹ nínú rẹ̀ kí oòrùn tó tún sùn.

Mo tún ń ro igi irú tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ìsàlẹ̀ òkè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mọ rọ́bà ta bí eré. Á so okùn ìpẹja mọ́ òjé, á ta á kọjá lórí ẹ̀ka, a ó sì fi ìyẹn fa okùn gidi. Ìyẹn ò ná wa ní kọ́bọ̀. Igi a máa mì, nítorí náà a ò ní so wáyà pinpin mọ́ ọn: okùn á gba orí ẹ̀ka kọjá, a ó gbé garawa tó ní òkúta kọ́ sí ìdí rẹ̀, kó máa lọ sókè sódò pẹ̀lú igi. Ṣùgbọ́n mi ò ní ju òjé sórí igi kankan láìbéèrè. Orí òkè wọ̀nyí làwọn baba wa sá sí nígbà ogun Dàhòmì, àwọn ibì kan sì wà níbẹ̀ tí a kì í dédé lọ. Mo ti bá Baba àgbà ní agbo ilé wa sọ ọ́, wọ́n ní àwọn á mú wa lọ rí àwọn tó yẹ. Ra ọtí òyìnbó kan dání fún wọn.

Nígbà ọyẹ́, eruku tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń gbé máa ń kó iná jọ sára wáyà. Kó o tó ki coax, okùn tó ti ara áńtẹ́nà wá, bọ rédíò, fi irin so àárín rẹ̀ àti ara rẹ̀ pọ̀ ná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ta ẹ́, tàbí kó ta rédíò, èyí tó burú jù.

Ọ̀rọ̀ ìwé ńkọ́? Má rò pé àṣẹ Jámánì tó fún ẹ níbí o. Kọ̀wé sí ARCEP, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, ní Kùtọnu láti ìsinsìnyí, kó o fi ẹ̀dà ìwé àṣẹ rẹ sí i, kí orúkọ ìpè rédíò rẹ tó fi TY bẹ̀rẹ̀ lè wà nílẹ̀ kó o tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kó o gbé wá ò pọ̀: ọ̀pá fáíbà yẹn tówó bá wà, àti okùn polyester tẹ́ẹ́rẹ́, bí ọgọ́rùn-ún mítà, tó ní àwọ̀ tó ń tàn. Èyí tó wà lọ́jà wa, nylon ni púpọ̀ nínú wọn, ó máa ń nà tí omi bá mú un, ọ̀pá á sì dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọ̀ tó ń tàn ni mo sọ, torí ewúrẹ́ àti àwọn onízém. Kọ̀wé sí mi bó o bá ti mọ ọjọ́ tó ò ń bọ̀, kí n lè sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀. Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Àlàbí