Ẹ Jẹ́ Ká Rí Ohun Tí Àwọn Olùyẹ̀wò Jọ́nà Kọ

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ gbé olùkọ́ yunifásítì ga, iye àpilẹ̀kọ tó ní nínú jọ́nà, ìyẹn ìwé tó ń gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde, ni wọ́n máa ń kà. Jọ́nà ní tirẹ̀ á ní onímọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ti yẹ iṣẹ́ náà wò. Ta ni wọ́n? A kì í mọ̀. Kí ni wọ́n sọ? Èyí tó dùn mí jù nìyẹn, torí a kì í rí i.

Mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí jọ́nà kan nígbà kan. Èsì àyẹ̀wò kò ju ìlà méjì lọ: iṣẹ́ dára, kí n tún àwọn kọ́mà ṣe. Ohun tó tẹ̀ lé e ni nọ́ńbà àkáǹtì tí màá sanwó jọ́nà sí. Ibi tí mo ti ṣàlàyé bí mo ṣe yan àwọn tí mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, níbi tí mo ti ń retí ìbéèrè, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan.

Àwọn kan ní kí wọ́n fòfin de owó tí jọ́nà ń gbà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tí a ń pa làpálàpá yẹn. Jọ́nà ńlá náà ń ṣì í: lọ́dún 2020, The Lancet gbé iṣẹ́ kan jáde lórí oògùn hydroxychloroquine fún àrùn Kòrónà. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mẹ́ta nínú àwọn mẹ́rin tó kọ ọ́ fi fà á padà, torí ilé-iṣẹ́ tó ní dátà náà kọ̀ láti kó o sílẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Láti oṣù kẹfà ọdún 2025, jọ́nà sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature ń gbé ìwé olùyẹ̀wò jáde pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i láti ìgbà náà, tó sì gbà. Olùyẹ̀wò tí kò bá fẹ́ kí wọ́n mọ òun lè fi orúkọ pamọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ kékeré tó tako iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n mọ̀ pé bàbá náà lè jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìgbéga òun lọ́la.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn yunifásítì wa, bẹ̀rẹ̀ láti UNIOSUN níbí: kí ìgbìmọ̀ ìgbéga má ka àpilẹ̀kọ kankan tí wọn ò bá so ìwé olùyẹ̀wò àti èsì òǹkọ̀wé mọ́ ọn. Kò ní ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Jọ́nà tó bá ṣe àyẹ̀wò lóòótọ́ ní ìwé yẹn nínú íméèlì rẹ̀.

Olùkọ́ kan,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.