Ẹní Ògòtún Kò Lójú, Kò Nímú

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ẹnì kan kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwòrán afòyemọ̀, èyí tí kò lójú tí kò nímú, ìyàkúyà òyìnbó ni, pé kò sí nínú àṣà wa. Ògòtún-Èkìtì ni mo wà, ẹní ni mo ti ń hun láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ibo ni imú ẹní wà? Kó tún lọ wo ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ìkéré, tó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1924. Lẹ́yìn ọba àti òyìnbó tó wá kí i, ọnà onílà ló kún ibẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi tó wà ní girama ló jẹ́ kí n mú bírò. Fóònù mi kú pátápátá, ó sì tú u palẹ̀. Bó ṣe rí pátákó pẹlẹbẹ aláwọ̀ ewé tó wà nínú rẹ̀, ó pariwo, "Màmá àgbà, ẹní yín rèé!" Mo wá jígí ojú mi. Òótọ́ ni. Ìlà tín-ín-rín ń lọ gbọọrọ, ó ṣẹ́rí, ó gba ẹ̀gbẹ́ èkejì kọjá láì fara kàn án. Kíkà ni tiwa náà: méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Bí o bá ṣì í kà lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ọnà tó kù ti dàrú nìyẹn.

Ló bá yà á: ìlà fóònù lápá kan, iṣan ewé eéran tí a fi ń hun ẹní lápá kejì, ẹ ò ní mọ ibi tí wọ́n ti pààlà. Ó wá fi ìsàlẹ̀ ìwé sílẹ̀ ní funfun. Olùkọ́ rẹ̀ fún un ní mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ó ní kò parí iṣẹ́.

Èmi mọ àyè funfun yẹn. Abẹ́ kòkó wa ni. Ibẹ̀ la ti ń gé eéran nígbà kan, torí ibòji ló fẹ́ràn. A ó la ọ̀pá rẹ̀, a ó họ inú rẹ̀ dànù, a ó sá a sóòrùn, a ó rẹ ẹ́ sínú aró. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ mi ti ń fọ́n oògùn apakoríko síbẹ̀, kò hù mọ́. N ò bá wọn jà o. Ta ló fẹ́ fi àdá sán oko kòkó lónìí? Ṣùgbọ́n ìrìn wákàtí kan ni mò ń rìn kí n tó rí eéran gé báyìí, ẹní rọ́bà sì ti gba ọjà.

Mo fi àwòrán náà sínú lẹ́tà yìí. Bí ẹ bá máa tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò.

Èmi ni,
Ìyá Ẹlẹ́ní,
Ògòtún-Èkìtì.