Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ Mi Lórí Àwọn Obìnrin Ìjídìde Ilẹ̀ Faransé

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ará ilé rẹ. Mo lérò pé òtútù ọ̀hún ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. O béèrè bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìtàn Ìjídìde ilẹ̀ Faransé, ìyẹn ìgbà tí àwọn ará ìlú dìde sí ọba wọn láti ọdún 1789, nítorí ìwé tí wọ́n fún ìwọ náà láti fi kọ́ni kò dárúkọ obìnrin kankan àfi ayaba Marie Antoinette. Inú mi dùn sí ìbéèrè náà, nítorí ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún gan-an.

Orí búrẹ́dì ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o fi ààfin sílẹ̀ ná. Ìkórè ọdún 1788 kò dára, búrẹ́dì sì wọ́n gógó ní 1789, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin ló ń tò síwájú ilé oníbúrẹ́dì láti ìdájí, tí wọ́n sì ń padà sílé lọ́wọ́ òfo. Kò sí ọmọ ọdún 12 tí èyí kò ní yé. Ní ọjọ́ 5 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1789, àwọn obìnrin Paris, tí àwọn ẹlẹ́ja àti ọlọ́jà pọ̀ nínú wọn, ya wọ gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n kó ohun ìjà níbẹ̀, wọ́n sì fẹsẹ̀ rin nǹkan bí 20 kìlómítà nínú òjò lọ sí Versailles, ibi tí ààfin ọba wà, láti lọ bá ọba fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọba, ayaba àti àwọn ọmọ wọn bá èrò náà padà sí Paris, ọba kò sì gbé Versailles mọ́ títí ó fi kú.

Má ṣe kánjú kúrò lórí ìrìn yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi béèrè ẹni tó bá wọn ṣọ́ ọjà lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè yẹn wú mi lórí, nítorí ó fi hàn pé ọmọ náà ti rí wọn gẹ́gẹ́ bí ènìyàn tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ àti ọmọ nílé kí wọ́n tó dìde.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń dúró síbẹ̀, bí ẹni pé ebi nìkan ló lé àwọn obìnrin jáde. Ní 1791, Olympe de Gouges, òǹkọ̀wé obìnrin kan, mú Ìkéde Ẹ̀tọ́ tí àwọn ọkùnrin ti ṣe, ìyẹn ìwé tó ka ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ìlú, ó sì tún un kọ lẹ́sẹẹsẹ ní orúkọ obìnrin. Ó ní bí obìnrin bá lẹ́tọ̀ọ́ láti gun pèpéle tí wọ́n ti ń bẹ́ni lórí, ó yẹ kó lẹ́tọ̀ọ́ láti gun pèpéle tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Pauline Léon, tó ń ṣe ṣokoléètì tà, gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ tí obìnrin tó lé ní 300 fọwọ́ sí lọ síwájú ilé aṣòfin, pé kí wọ́n jẹ́ kí obìnrin gbé ohun ìjà. Òun àti Claire Lacombe, òṣèré orí ìtàgé, ló ṣáájú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1793.

Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba tí ìjídìde náà gbé kalẹ̀ fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin, ní ọjọ́ 30 oṣù Ọ̀wàrà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Bélú, wọ́n bẹ́ Olympe de Gouges lórí. Jọ̀wọ́, ṣàlàyé eléyìí dáadáa: ìwé àlẹ̀mógiri tó fi dábàá pé kí ará ìlú dìbò yan irú ìjọba tí wọ́n fẹ́ ni wọ́n fi mú un. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ yìí wúwo jù fún ọmọdé, ṣùgbọ́n bí a bá fi pamọ́, kò ní yé wọn ìdí tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Faransé kò fi dìbò títí di ọdún 1945.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, mo máa ń pín ènìyàn fún wọn, ẹlẹ́ja, alágbàfọ̀, ìyàwó sọ́jà, kí kálukú kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ sí ilé aṣòfin. Dán an wò, kí o sì kọ ìbéèrè tí àwọn ọmọ tìrẹ bá bi ọ́ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.