Màámi, Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Ṣeré Nínú Òtútù

Winnipeg, Kánádà
Oṣù Kejìlá

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọyẹ́ o. Mo kí gbogbo ará ilé ní Òṣogbo Òròkí. Gbénga ní ètè gbogbo ọmọ ti ń là, pé ẹ sì ti ra òrí sílẹ̀. Ara wa le níbí, a dúpẹ́.

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ rí fọ́tò Àdùkẹ́ àti Ṣẹ́gun láàárín yìnyín. Ẹ ní ṣé mo fẹ́ fi òtútù àyà pa àwọn ọmọ-ọmọ yín ni. Màámi, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é sọ tán lórí fóònù, òun ni mo ṣe jókòó kọ̀wé.

Kòkòrò àìsàn ló ń fa òtútù àyà àti ọ̀fìnkìn. Ibi tó sì ti ń tètè ran ọmọ ni inú ilé tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa, tí gbogbo èèyàn ń mí sí ara wọn. Ìjókòó ló ń bà mí lẹ́rù níbí. Lásìkò yìí, oòrùn kì í yọ títí di nǹkan bí agogo mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀, tó bá sì fi máa di mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Ọmọ á ti iléèwé dé, á bọ́ bàtà, á gba orí àga lọ pẹ̀lú fóònù, ó di ìgbà tí a bá pè é wá jẹun. Ó lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí di oṣù Kẹta. Egungun tí kò fò, tí kò sáré, báwo ló ṣe fẹ́ le? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ó kéré tán wákàtí kan lójúmọ́ ṣe ohun tó ń mú èémí yára. Ọmọ tó ń pọnmi, tí ẹ ń rán lọ ra ata, tó ń sáré lọ sáré bọ̀, ti ṣe é kí ọ̀sán tó pọ́n. Níbí, àfi kí òbí wá a ṣe.

Kí ọkàn yín lè balẹ̀, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ kan ara wọn, kì í ṣe ti òwú, torí òwú á mu òógùn, á sì tutù mọ́ ọmọ lára. Aṣọ onírun àgùntàn á tẹ̀lé e, kóòtù tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà kọjá á wá bo gbogbo rẹ̀. Ìborùn ń bo imú, ìbọ̀wọ́ ń bo ọwọ́, fìlà ń bo etí. Tí afẹ́fẹ́ bá mú òtútù dé nǹkan bí ìwọ̀n 28 sísàlẹ̀ òdo, awọ tó wà níta lè dì láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30. Mi ò bá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ jiyàn, inú ilé la máa ń wà.

Oògùn tí ẹ rí tí mò ń kán sí Ṣẹ́gun lẹ́nu, kò ṣàìsàn o. Oòrùn ìgbà òtútù níbí ń tàn lójú ni, kò lágbára tó láti mú kí awọ ṣe fítámì D tí egungun nílò, awọ dúdú tiwa sì ń fẹ́ oòrùn púpọ̀ kó tó rí i ṣe.

Lọ́jọ́ tí a kò lè jáde, mo kó àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní pálọ̀, mo ní ká ṣe ẹkùn mẹran. Àwọn ọmọ ará Fílípíìnì tó wà ní ilé kejì wá, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú yípo. Ṣẹ́gun ṣe ẹran, Àdùkẹ́ ṣe ẹkùn. Ẹkùn ń wá ibi tí ọwọ́ ti dẹ̀, agbo ń fún mọ́ra, ẹran ń sá kiri. Màámi, ẹ ò rí òógùn! Àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá rí ń ké “mẹ̀ẹ̀!” dé ìta. Ten-ten tí ẹ máa ń bá wa wí sí pé a fi ń ba bàtà jẹ́, òun náà ni mo kọ́ Àdùkẹ́. Fífò bẹ́ẹ̀ ń mú egungun ọmọ le gan-an.

Akin ọmọ mi ni kò rọrùn. Ọmọ ọdún 15 kò ní bá ọmọdé ṣe ẹkùn mẹran, bí mo bá sì pàṣẹ, á ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ìyá àgbàlagbà kan ń gbé ní ọ̀kánkán wa, apá rẹ̀ kò ká yìnyín ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Akin ló ń fi ṣọ́bìrì kó o báyìí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an mọ́. Ó ń dìde torí pé ẹnì kan ń retí rẹ̀. Mo rò pé ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́ nìyẹn ju ìmọ̀ràn lọ. Tí odò Red àti Assiniboine bá dì tán, wọ́n á wọn bí yìnyín rẹ̀ ṣe nípọn, wọ́n á wá la ọ̀nà sórí rẹ̀ fún àwọn tó ń fi bàtà onírin yọ̀. Akin ti ń bẹ̀ mí pé òun fẹ́ lọ. Èmi tí ẹ fi odò Ọ̀ṣun dẹ́rù bà láti kékeré, àyà mi ń já, ṣùgbọ́n màá jẹ́ kó lọ.

Ẹ bá mi sọ fún Gbénga pé kó má ti àwọn ọmọ mọ́lé pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n torí ọyẹ́. Tí eruku bá ṣú bo Òkè-Fíà, kí wọ́n wà nílé, pàápàá ẹni tó bá ní ikọ́ fée. Tí ojú ọ̀run bá mọ́ nírọ̀lẹ́, kó kó wọn lọ gbá bọ́ọ̀lù ní pápá, kí wọ́n sì mu omi dáadáa.

Bísí nìkan ni mo yọ sílẹ̀. Ọmọ tó ní fòníkúfọ̀ládìde, òtútù àti àìmu omi dáadáa lè ta ìrora rẹ̀ jí. Kó wọ súwẹ́tà láàárọ̀, kó má fi omi tútù wẹ̀, kó ṣeré níwọ̀n tí kò ní rẹ̀ ẹ́, kó sì sinmi nígbà tó bá fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ọ̀lẹ.

Tí a bá pè yín lọ́jọ́ Àìkú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orin ẹkùn mẹran fún Àdùkẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìdajì ni mo rántí. Owó súwẹ́tà Bísí ti wà lọ́wọ́ Gbénga.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀