Ẹ Ka Ọdún Àwọn Tó Ṣáájú Mọ́ Ọn

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni àṣà kan tó ti wọ àwọn akọ̀ròyìn eré ìdárayá lára, tí àwọn tiyín náà kò sì yọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ṣe iṣẹ́ jẹun ní Amẹ́ríkà, ọdún 1946, tí wọ́n dá líìgì tó padà di NBA, líìgì tó lókìkí jù nínú eré náà, sílẹ̀, ni wọ́n ti máa ń mú ìtàn náà; bó bá sì kan àwọn aláwọ̀ dúdú, ó di ọdún 1950 kí wọ́n tó rí ẹnì kan dárúkọ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi eré yìí jẹun dàgbà, tí wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì, kí àwọn ọdún wọ̀nyẹn tó dé.

Oṣù Kejìlá ọdún 1891 ni James Naismith gbé eré náà kalẹ̀ ní ìlú Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń kó èso ni wọ́n sì ń ju bọ́ọ̀lù sí nígbà náà. Kò tíì pé ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn ọkùnrin ìlú Trenton, ní New Jersey, ti ń gbowó lórí rẹ̀. Dọ́là 15 ni àwọn òpìtàn sábà máa ń sọ pé ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní oṣù Kọkànlá ọdún 1896, tí dọ́là kan sì lé sí i fún olórí ikọ̀. Wáyà ni wọ́n fi yí pápá ká kí bọ́ọ̀lù má baà bọ́ sáàrin èrò, ẹni tí wọ́n bá sì tì lu wáyà náà lè fi ẹ̀jẹ̀ lọ sílé. Iye ìdíje tí ènìyàn bá gbá ni owó rẹ̀, ikọ̀ tó bá sì san jù lálẹ́ ọjọ́ kan ni ọ̀pọ̀ wọn ń bá lọ. Ìgbà tí ikọ̀ Original Celtics ti New York bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, bí i Nat Holman àti Joe Lapchick, ṣe àdéhùn pé wọn kò gbọdọ̀ gbá fún ẹlòmíràn ni iṣẹ́ náà tó ń jọ ohun tí ènìyàn lè fọkàn lé.

Ní ọdún 1923, Bob Douglas, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní erékùṣù St. Kitts, dá ikọ̀ New York Renaissance, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Rens, sílẹ̀ ní Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní New York. Aláwọ̀ dúdú ló ni ín, aláwọ̀ dúdú ló sì ń gbá a. Gbọ̀ngàn ijó Renaissance ni pápá wọn: wọn á gbé òpó àti àwọ̀n kalẹ̀ lórí pákó tí wọ́n ti dán fún ẹsẹ̀ oníjó, wọn á sáré, wọn á ṣubú, wọn á dìde, bí ìdíje bá sì ti parí, wọn á kó òpó kúrò, orin á sọ, èrò á bọ́ sí agbo. Ilé nìyẹn. Ojú ọ̀nà ni iṣẹ́ wọn pọ̀ sí. Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń lo púpọ̀ nínú ọdún, láti ìlú kan dé òmíràn, níbi tí àwọn òyìnbó á ti sanwó láti wò wọ́n, tí ilé ìtura ìlú náà kò sì ní gbà wọ́n sùn, tí ilé oúnjẹ kò ní ta oúnjẹ fún wọn. Nígbà mìíràn, wọn a tún wa ọkọ̀ lóru lọ sí ìlú tó jìnnà gan-an kí wọ́n tó rí ibi tí wọn yóò gbé orí lé. Pẹ̀lú gbogbo ìyà yẹn, ìdíje 88 ni wọ́n borí léraléra ní sáà 1932 sí 1933.

Ní ọdún 1939, wọ́n borí ìdíje àgbáyé àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó, èyí tó wáyé ní Chicago, wọ́n sì na Oshkosh All-Stars, ikọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun, ní àmì ayò 34 sí 25. Jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rán fún wọn lẹ́yìn náà ní àkọlé pé àwọn ni olúborí àgbáyé láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú. John Isaacs, ọ̀kan nínú wọn, mú abẹ, ó sì tú ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí àwọ̀ yẹn kúrò lára tirẹ̀, fọ́nrán òwú kọ̀ọ̀kan, títí tó fi ku olúborí àgbáyé nìkan. Inú Bob Douglas kò kọ́kọ́ dùn sí i pé ó ń ba aṣọ tuntun jẹ́. Nígbàkígbà tí mo bá rántí abẹ yẹn, inú mi máa ń bàjẹ́ pé àwa tí a ń kọ̀wé lónìí ń rán ọ̀rọ̀ tí Isaacs tú dànù padà sára aṣọ náà.

Owó tí wọ́n ń rí kò tó ọ̀pọ̀ wọn í gbé. Fats Jenkins àti Bill Yancey tún ń gba baseball fún owó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ibi tó ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ ọdún 1950. Lálẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ni Earl Lloyd wọ pápá fún Washington Capitols, tó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá nínú NBA. Chuck Cooper ti Boston àti Nat Clifton ti New York tẹ̀ lé e láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀yẹ wọn ni, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọdún tó ṣáájú rẹ̀ gan-an ni ikọ̀ Rens kógbá sílé. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Pop Gates, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Rens, ti pé ọmọ ọdún 33, Tarzan Cooper, tí òun náà gbá fún wọn, ti lé ní ogójì, ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù kì í sì í dúró de ẹni tó ń pẹ́ ṣílẹ̀kùn. Clifton fúnra rẹ̀, tó rí àyè wọlé, ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún. Ó ti gbá fún Rens àti Harlem Globetrotters kí ó tó débẹ̀. Nígbà tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, takisí ló ń wà ní Chicago, inú takisí náà ló sì kú sí ní ọdún 1990.

Èyí ni mo fi ń sọ̀rọ̀ nípa kíka ọdún. NBA ń ka ọdún 1946 sí 1949 mọ́ tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni líìgì náà ń jẹ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kò ka ti National Basketball League tí ó dà pọ̀ mọ́ ní 1949. Nínú líìgì tí wọn kò kà yẹn ni Pop Gates ti gbá bọ́ọ̀lù ní 1946, ibẹ̀ náà ló sì ti ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ Dayton Rens, orúkọ tí ikọ̀ Rens ń jẹ́ nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ìlú Dayton.

Ìṣirò ọdún yìí kan jíjẹ àti mímu, kò sì yọ àwọn aláwọ̀ funfun sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1964, ní Boston, àwọn ìràwọ̀ NBA kọ̀ láti jáde sí pápá títí wọ́n fi ṣèlérí owó ìfẹ̀yìntì fún wọn. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní 1965, ó sì fi àwọn tó ti ṣíwọ́ kí ó tó dìgbà náà sílẹ̀. Ọdún 1988 ni wọ́n tó fi àwọn tó lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un. George Mikan, ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ márùn-ún pẹ̀lú Minneapolis Lakers nínú líìgì náà, tí àwọn aláṣẹ torí rẹ̀ fẹ ojú ilẹ̀ abẹ́ àwọ̀n láti ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 12, lo ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, lẹ́yìn tí àtọ̀gbẹ ti mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, láti máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi kún owó àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù. Ó kú ní oṣù Kẹfà ọdún 2005.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò ṣeé ṣe láti ka ọdún tí ènìyàn lò níbòmíràn. Ní 2022, NBA gbà láti máa san dọ́là 3,828 lọ́dún, fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn lò, fún àwọn tó gbá ó kéré tán ọdún mẹ́ta ní ABA, líìgì mìíràn tó kógbá sílé ní 1976. Owó kò lè dé ọ̀dọ̀ àwọn Rens mọ́. Isaacs kú ní 2009. Ohun tí mo ń bẹ ẹ̀yin olóòtú fún kò ná yín ní kọ́bọ̀: nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ kọ̀wé nípa Lloyd, ẹ kọ ọ́ pé òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá nínú NBA, ẹ má kọ ọ́ pé òun ni àkọ́kọ́ tó gbowó, nítorí Harry Lew ti gbowó nínú líìgì New England ní ọdún 1902. Kí ẹ sì fi ojú ìwé kan ṣoṣo sílẹ̀ fún Douglas, Gates, Tarzan Cooper, Jenkins, Yancey àti Isaacs, pẹ̀lú ọdún tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lò lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti ọjọ́ pípẹ́