Ta ló fẹ́ dìde lọ gbé àwokòtò?

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Oore-ọ̀fẹ́ àti àlàáfíà kí ó wà pẹ̀lú yín. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí sílẹ̀ lórí nǹkan mìíràn, àmọ́ mo fà á ya. Ìjà tí àwọn kan nínú wa jà níwájú pẹpẹ nítorí àga ìjókòó ló fà á. Ẹni tó wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, kó jọ̀wọ́ má lọ bi ẹnikẹ́ni, torí ẹnu tó ń ròyìn ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ ju ojú tó rí i lọ. Mi ò ní í sọ̀rọ̀ àga nínú ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ àwokòtò tí Jésù fi wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ ṣí Jòhánù orí 13, kí ẹ sì kọ́kọ́ ka ẹsẹ 17: “Bí ẹ̀yin bá mọ nǹkan wọ̀nyí, alábùkún-fún ni yín, bí ẹ̀yin bá ń ṣe wọ́n.” Gbogbo wa là ń wá ayọ̀. A ń gbààwẹ̀ nítorí ẹ̀, a ń ṣe ìṣọ́ òru nítorí ẹ̀. Olúwa wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó wà fún wa, a ò sì fẹ́ dé ibẹ̀, torí ilẹ̀ ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo alẹ́ ọjọ́ náà. Lúùkù orí 22 sọ fún wa pé Pétérù àti Jòhánù ni Olúwa rán ṣáájú láti lọ pèsè oúnjẹ Ìrékọjá. Àwọn méjì yìí ni wọ́n ṣètò yàrá náà. Nígbà tí Jésù sì dìde nídìí oúnjẹ, kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́: ó mú aṣọ ìnura, ó da omi sínú àwokòtò. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé àwokòtò ti wà níbẹ̀, omi ti wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ gbogbo wọn ti rin ọ̀nà eléruku wọlé. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni wíwẹ ẹsẹ̀ àlejò láyé ìgbà náà, Bíbélì kò sì dárúkọ ìránṣẹ́ kankan nínú yàrá yẹn. Àwọn méjìlá jókòó, wọ́n ń wo àwokòtò, wọ́n ń wo ara wọn.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Lúùkù sọ ọ́, ojú sì ń tì mí fún wọn: wọ́n ń jiyàn ẹni tó jẹ́ ọ̀gá láàrin wọn. Nídìí tábìlì Olúwa ni o! Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n á ti kan Ọ̀gá wọn mọ́ àgbélébùú, àwọn wọ̀nyí ń du ipò.

Ẹnì kan nínú wọn ì bá ti dìde. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ dìde ti gbà níṣojú gbogbo wọn pé òun ló kéré jù. Ohun tó lẹ̀ wọ́n mọ́ ìjókòó nìyẹn.

Ẹ wá wo ẹsẹ 3, ẹ má sáré kọjá níbẹ̀. Kí Jòhánù tó jẹ́ kí Jésù dìde, ó sọ ohun tí Jésù mọ̀ fún wa: ó mọ̀ pé Baba ti fi ohun gbogbo lé òun lọ́wọ́, pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni òun ti wá, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run náà ni òun sì ń lọ. Ìgbà tó mọ èyí tán ló bọ́ aṣọ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹni tó mọ ibi tó ti wá, tó sì mọ ibi tó ń lọ, kí ló fẹ́ fi ipò iwájú ṣe? Kò bẹ̀rù pé wọ́n á fojú kéré òun. Àwọn kan rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni kí èèyàn máa bú ara rẹ̀, kó máa sọ pé òun ò já mọ́ nǹkan. Jésù kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ẹsẹ 13, ó ní wọ́n ń pe òun ní Olùkọ́ àti Olúwa, pé òótọ́ ni wọ́n sọ, bẹ́ẹ̀ ni òun jẹ́. Kò sẹ́ oyè náà. Ó gbà á, pẹ̀lú ọwọ́ tí omi ìwẹsẹ̀ kò tíì gbẹ lára rẹ̀.

Ìgbéraga ni kò ní ìsinmi. Ẹni tó bá ń gbé e kiri dà bí ẹni tó ru ẹyin gba àárín ọjà: kò lè wo ọ̀tún, kò lè wo òsì, ẹni tó bá sì fara kàn án ti di ọ̀tá. Ta ni kò kí mi? Orúkọ ta ni wọ́n pè ṣáájú tèmi? Èèyàn á wá sínú ilé Ọlọ́run láàárọ̀, orin á dùn, àdúrà á gbóná, òun á sì padà sílé pẹ̀lú ìkanra, torí pé ó ń ka iye ẹni tó dìde fún un. Ìgbà wo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ láyọ̀?

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ Pétérù, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan àwọn tó rò pé wàásù yìí kò bá àwọn wí. “Ìwọ kì yóò wẹ ẹsẹ̀ mi láé.” Létí wa, ó dún bí ìrẹ̀lẹ̀. Ìgbéraga ni, aṣọ ìrẹ̀lẹ̀ ló dà bora. Pétérù kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dọ̀tí. Olúwa sì dá a lóhùn lọ́nà tó le: “Bí èmi kò bá wẹ̀ ọ́, ìwọ kò ní ìpín lọ́dọ̀ mi.” Àwọn kan wà láàrin wa tí wọ́n ní àwọn ò bínú, pé kò sí nǹkan, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ wá bẹ àwọn. Kò sí nǹkan, ṣùgbọ́n wọn ò wá sí ìpàdé àdúrà mọ́. Kò sí nǹkan, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde kí á tó ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ẹni tí kò gbà kí wọ́n bẹ òun, ẹ má pè é ní onírẹ̀lẹ̀ fún mi. Ó fẹ́ kí gbèsè wà lọ́rùn ẹlòmíràn títí ayé ni.

Júdásì ńkọ́? Ẹsẹ 30 ló tó jáde, nínú òkùnkùn. Ó túmọ̀ sí pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí àwokòtò ń lọ yíká. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ sídìí ẹsẹ̀ èèyàn, ojú onítọ̀hún kọ́ ló máa ń rí. Gìgísẹ̀ tó là ló ń rí, eruku tó há sáàárín ọmọ ìka, èékánná tó ti dúdú. Jésù mọ ibi tí ẹsẹ̀ yẹn ń lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, síbẹ̀ ó wẹ̀ ẹ́, ó sì nù ún gbẹ. Àwa ń sọ pé ẹni tó ṣẹ̀ wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ̀bi lójú ìgbìmọ̀ kí á tó kí i.

Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀. Ẹ ní ẹ ti wà nínú ìjọ yìí kí àwọn kan tó dé. Ó dáa. Pétérù náà ti pẹ́. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń sọ irú opó tí wọ́n lè kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìjọ, nínú 1 Tímótì orí 5, ó béèrè bóyá ó ti wẹ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn mímọ́. N ò rí i kó béèrè ìlà tó ń jókòó sí. Ẹ̀yin tí ẹ sì yọ fóònù síta nígbà tó yẹ kí ẹ la ìjà náà, kí lẹ fẹ́ fi fídíò yẹn ṣe lọ́run? Ẹ pa á rẹ́ lónìí. Àwọn ọmọ wa ń wò wá, wọ́n sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu àgbà. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ń kọ́ wọn ní “fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ” ní yàrá ẹ̀yìn, àwa ń kọ́ wọn ní òdìkejì rẹ̀ níwájú pẹpẹ. Ojú tì mí, mo sì fẹ́ kí ó ti ẹ̀yin náà.

Mo ti bínú tó. Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tó kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì, síbẹ̀ ayọ̀ ló kún inú ìwé náà. Ní orí 4, ó dárúkọ obìnrin méjì tí ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Ó ní, “Mo bẹ Euodia, mo sì bẹ Sintike.” Ó bẹ ọ̀kan, ó tún bẹ èkejì. Kò sọ ẹni tó jẹ̀bi, kò sì sọ ohun tó fà á. Ohun tó rántí nípa wọn ni pé wọ́n ti bá òun ṣiṣẹ́ nínú ìyìnrere. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e ló wá ní kí wọ́n máa yọ̀ nínú Olúwa nígbà gbogbo.

Èmi náà mọ̀ yín. Mo mọ ẹni tó sun ilé ìwòsàn nítorí ọmọ ẹni tó ń bá jà báyìí. Mo mọ ẹni tó san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ẹlòmíràn tí kò sì jẹ́ kí a dárúkọ òun. Ẹ ti gbé àwokòtò rí, ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n gbé. Nítorí náà mo bẹ ọ̀kan, mo sì bẹ èkejì. Mo wà nílé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ wá, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tàbí papọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, mi ò ní í kà á sí ẹni tó jẹ̀bi. Mo nífẹ̀ẹ́ yín púpọ̀.

ÌKÉDE: Ẹ̀kọ́ Bíbélì Ọjọ́rú ń tẹ̀ síwájú, Fílípì orí 2 la máa kà, ẹ ka orí náà láti ilé. Ìgbìmọ̀ kò ní í pàdé lọ́sẹ̀ yìí títí n ó fi pè yín. Ẹgbẹ́ akọrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dé fún ìdánrawò. A ń wá ẹni mẹ́rin tó máa gbá inú ilé ìjọsìn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, torí àwọn tó ń ṣe é ti rẹ̀. Ìwé tí ẹ ó kọ orúkọ sí wà lẹ́nu ọ̀nà, orúkọ tèmi ti wà níbẹ̀, ó ku mẹ́ta. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá àwọn ọmọdé lọ sílé, kó dá a padà.